Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ Eré Ìdárayá Ìpínlẹ̀ Èkó lórí Ogún Àwọn Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù tí Kò Pẹ́ Láyé

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ Àjọ Eré Ìdárayá Ìpínlẹ̀ Èkó, àti sí àwọn aláṣẹ Ìjọba Ìbílẹ̀ Alimosho, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí ipò wọn.

Lẹ́tà yìí wá láti Abúlé Ẹ̀gbá, ó sì dá lórí ìbéèrè kan tí ìjọba kò tíì kà mọ́ iṣẹ́ rẹ̀: bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan bá kú, ta ni yóò jogún ìtàn rẹ̀? Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín kì í ṣe ti àwọn ọ̀rẹ́ tí ń gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ Sátidé láti na ara wọn, bí kò ṣe ẹgbẹ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ nínú líìgì, èyíinì ni ìdíje ọlọ́dọọdún tí gbogbo ẹgbẹ́ inú rẹ̀ ti ń pàdé ara wọn nílé àti lẹ́yìn odi, tí èyí tí ó bá kó àmì ayò jọ jù ń gba ife ẹ̀yẹ, tí àwọn tí ó bá gbẹ́yìn sì ń já bọ́ sí ìpele tí ó wà nísàlẹ̀. Ohun tí lẹ́tà yìí ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, nígbà tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá tú ká, kí ife rẹ̀, ìwé rẹ̀, àwòrán rẹ̀ àti àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún un di ohun ìní ìlú tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù, kí ó má ṣe bá olówó rẹ̀ lọ sílé.

Leventis United ti Ìbàdàn ni àpẹẹrẹ tí ó hàn kedere jù. Ilé-iṣẹ́ A. G. Leventis, tí oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ Cyprus kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Anastasios George Leventis dá sílẹ̀, tí àwọn ará ìlú sì mọ̀ dáadáa nítorí ilé ìtajà ńláńlá àti ọkọ̀ tí ó ń tà, ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1980, ó sì fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó rẹ̀, láàrin ìlú tí Shooting Stars ti gba ọkàn àwọn ènìyàn láti ìgbà tí ó ti di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí yóò gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976. Kò rọrùn láti bí ẹgbẹ́ tuntun sí irú ìlú bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ìpele ìsàlẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn àwọn líìgì kéékèèké tí ẹgbẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbọ́dọ̀ là kọjá kí ó tó lè bá àwọn àgbà jókòó, ó sì fi ìyára gòkè débi pé, ní 1984, ó gba Ife Challenge, èyí tí í ṣe ìdíje tí ẹgbẹ́ tí ó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti ń padà sílé, tí ó sì ti wà láti 1945, nígbà tí àwọn òyìnbó amúnisìn ṣì ń ṣe àkóso ilẹ̀ yìí. Ó fi gólù kan sí òdo ṣẹ́gun Abiola Babes ti Abẹ́òkúta nínú àṣekágbá náà.

Ife yẹn ni ó ṣí ọ̀nà Áfíríkà fún un. Ní 1985, Leventis United kópa nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba ife orílẹ̀-èdè wọn, ó sì ń ṣẹ́gun lọ títí ó fi dé àṣekágbá, níbi tí ó ti pàdé Al Ahly ti Cairo, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1907, tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà tí ẹgbẹ́ Ìbàdàn yìí ṣì jẹ́ ọmọ ìkókó. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń parí irú àṣekágbá bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ọ̀kan nílé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, a ó sì ṣírò gólù méjèèjì pọ̀. Al Ahly gba gólù méjì wọlé ní Íjíbítì, Leventis United kò rí ọ̀kan dá padà; nígbà tí wọ́n dé Nàìjíríà, ẹgbẹ́ Ìbàdàn gba ọ̀kan wọlé, kò sì jẹ́ kí àlejò gba ohunkóhun, ṣùgbọ́n ọ̀kan yẹn kò tó. Ẹ jẹ́ kí àwọn aláṣẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí: gólù kan péré ni ó kù kí ẹgbẹ́ tí kò tíì tó ọdún márùn-ún láyé bá ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ó lágbára jù ní gbogbo Áfíríkà dọ́gba. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1986, ó gba líìgì orílẹ̀-èdè yìí, ó sì tún gba Ife Challenge mọ́ ọn, ó sì tún fìyà jẹ Abiola Babes nínú àṣekágbá, pẹ̀lú gólù kan sí òdo bíi ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí ni ilé-iṣẹ́ náà tú ẹgbẹ́ ká. Ẹ̀wádún 1980 kò parí bá a.

Abiola Babes fúnra rẹ̀ kò pẹ́ jù ú lọ. Olóyè M. K. O. Abíọ́lá ni ó ni ẹgbẹ́ náà, ó sì gba Ife Challenge ní 1985 àti 1987, èyí tí ó fi hàn pé láàrin ọdún mẹ́rin, láti 1984 sí 1987, ẹgbẹ́ méjì yìí nìkan ni ó ń pín ife tí ó ga jù ní Nàìjíríà láàrin ara wọn, ọ̀kan láti Ìbàdàn, èkejì láti Abẹ́òkúta, àwọn méjèèjì ní owó aládàáni, àwọn méjèèjì sì ti di ohun ìtàn. Ní Abiola Babes ni Rashidi Yekini ti gbá bọ́ọ̀lù kí ó tó lọ sí Africa Sports ní Abidjan, kí ó tó di ẹni tí Vitória Setúbal ti ilẹ̀ Pọtogí gbẹ́kẹ̀ lé, kí ó tó di agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní Áfíríkà ní 1993, kí ó sì tó gba gólù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Àgbáyé wọlé, sínú àwọ̀n Bulgaria, ní 1994. Gbogbo ayé mọ ọ̀nà tí ó gbà di àwọ̀n mú tí ó ń sunkún lọ́jọ́ náà. Àwọn gólù tí ó gba ní Abẹ́òkúta ní ọdún mẹ́jọ àti mẹ́sàn-án ṣáájú ọjọ́ yẹn ni ó ṣòro fún ọmọ ilé-ìwé tí ó bá fẹ́ kọ ìwé lé e lórí láti rí ní ibi kan tí a tò wọ́n jọ sí pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹgbẹ́ tí ó gbá wọn sí. Yekini kú ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2012. Ẹgbẹ́ tí ó yẹ kí ó bá ìdílé rẹ̀ pa ìwé wọ̀nyí mọ́ ti ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé bí irú ikú yìí ṣe yàtọ̀ sí bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀. Láyé àtijọ́, ilé-iṣẹ́ ni ó ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní Èkó: Marine ni ó kọ́kọ́ gba Ife Challenge ní 1945, ilé-iṣẹ́ Rélùwéè gba tirẹ̀ lẹ́ẹ̀meje láàrin 1946 àti 1964, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná tí a ń pè ní ECN nígbà náà sì gba tirẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn jẹ́ òṣìṣẹ́: wọ́n ń ṣiṣẹ́ lówùúrọ̀, wọ́n ń lọ sí pápá nírọ̀lẹ́, orúkọ wọn wà nínú ìwé owó oṣù, nígbà tí ẹsẹ̀ wọn kò bá sì ṣe é gbá bọ́ọ̀lù mọ́, iṣẹ́ ṣì wà. Teslim Balógun, tí àwọn ènìyàn sọ ní Thunder nítorí agbára ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1956, ti wọ aṣọ Rélùwéè rí. Ilé-iṣẹ́ ìjọba ń pa ìwé mọ́ nítorí pé ìwé ni iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí líìgì àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù jẹun bẹ̀rẹ̀ ní 1990, ohun tí ó so agbábọ́ọ̀lù mọ́ ẹgbẹ́ kò ju ìwé àdéhùn lọ, ohun tí ó sì so ẹgbẹ́ mọ́ ìlú kò ju ìfẹ́ inú ẹni tí ń náwó lọ. Ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, ní 1986, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SAP ti mú kí náírà pàdánù ju ìdajì iye rẹ̀ lójú dọ́là, ilé-iṣẹ́ tí ó ń ra ọjà láti òkè òkun sì ní láti ṣírò gbogbo kọ́bọ̀. Bọ́ọ̀lù kì í wà lókè nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Èkó ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí ju ibòmíràn lọ. Stationery Stores, tí Israel Adébájọ̀ oníṣòwò ìwé àti ohun èlò ọ́fíìsì dá sílẹ̀ ní 1958, gba Ife Challenge ní 1967, 1968, 1982 àti 1990, ó gba líìgì ní 1992, ó sì kún Pápá Ìṣeré Oníkan àti ti Sùúrùlérè pẹ̀lú àwọn olólùfẹ́ tí kò sí ẹgbẹ́ Èkó kankan tí ó tún rí irú wọn. Haruna Ilerika àti Peter Rufai wà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Adébájọ̀ ti kú ní 1969, nígbà tí ẹgbẹ́ náà kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó ni ín kò sì jẹ́ kí ó sinmi títí ó fi pòórá láàrin àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Julius Berger, tí ilé-iṣẹ́ akọ́lé-ṣọ̀nà ni, gba líìgì ní 1991 àti 2000, ó bí Sunday Oliseh, ó bí Yakubu Aiyegbeni, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà sì kó owó rẹ̀ kúrò, orúkọ ẹgbẹ́ yí padà, okùn rẹ̀ sì já. Fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn 2000, kò sí ẹgbẹ́ kankan láti Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó tún gba líìgì orílẹ̀-èdè yìí. Ìpínlẹ̀ tí ó ní owó jù ni.

Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ tí ó yí ọwọ́ padà ni ó gbọ́dọ̀ kú. Spartans ti Òwẹ́rì bọ́ sí ọwọ́ Emmanuel Iwuanyanwu ní 1985, ó di Iwuanyanwu Nationale, ó gba líìgì lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tí ó sì tún padà sí ọwọ́ Ìpínlẹ̀ Imo, ó di Heartland. Orúkọ mẹ́ta ni, ìtàn kan ṣoṣo ni, nítorí pé ìlú kò jẹ́ kí ó bọ́.

Nílẹ̀ ibòmíràn, ọ̀rọ̀ ìwé ẹgbẹ́ tí kò pẹ́ láyé ti ní ojútùú tí ó yẹ kí ojú ti wa níwájú rẹ̀. Họ́kì orí yìnyín jẹ́ eré tí àwọn tí ń ṣe é ń fi bàtà onírin sáré lórí omi dídì, tí wọ́n ń fi ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ gbá rọ́bà pẹrẹsẹ kan tí ó le sínú àwọ̀n. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, yàtọ̀ sí líìgì ńlá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ líìgì kéékèèké wà ní àwọn ìlú kéékèèké, ẹgbẹ́ inú wọn a sì máa jáde a sì máa kú bí owó bá ti tán. Ọ̀kan nínú wọn, Macon Whoopees, bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Macon ní Ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí ooru pọ̀ tí yìnyín kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sí, nínú sáà 1973 sí 1974, kò sì parí sáà náà kí ó tó kógbá sílé. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ lónìí lè rí orúkọ gbogbo ẹni tí ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ yẹn, iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ó kópa nínú rẹ̀, iye gólù tí ó gbà wọlé, àti iye ìṣẹ́jú tí adájọ́ fi lé e síta fún ìjìyà. Ẹgbẹ́ àwọn olùṣèwádìí ìtàn họ́kì kan sì wà ní Kánádà láti 1991 tí ń ṣiṣẹ́ kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ má baà sọnù. Bí ẹgbẹ́ tí kò lò tó sáà kan bá lè ní ìwé tó bẹ́ẹ̀, kí ni ó yẹ kí Leventis United ní? Ní ti tiwa, ọ̀dọ̀ àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni kan ní òkè òkun, tí wọ́n kó ara wọn jọ ní 1994 láti máa tọ́jú àbájáde bọ́ọ̀lù gbogbo ayé, ni olùwádìí Nàìjíríà ti ń lọ wá tábìlì líìgì ìlú rẹ̀, pẹ̀lú àlàfo tí àwọn náà kò lè dí.

Àpẹẹrẹ tí ó bá ìbéèrè lẹ́tà yìí mu jù wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹgbẹ́ Wimbledon gba FA Cup ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1988, lẹ́yìn tí ó ti gòkè láti àwọn líìgì tí kò sí ẹni tí ó kà wọ́n sí. Ní 2002, wọ́n gba àwọn tí ó ni ín láyè láti gbé e lọ sí Milton Keynes, ìlú tí ó jìnnà sí i. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti tẹ̀ lé e, wọ́n sì dá AFC Wimbledon sílẹ̀ fúnra wọn láti ìpele tí ó rẹlẹ̀. Ìjà lórí ẹni tí ó ni ife 1988 kò parí bí kò ṣe ní 2007, nígbà tí ẹgbẹ́ Milton Keynes fi àwọn ife àti ohun ìrántí Wimbledon àtijọ́ lé ìjọba ìbílẹ̀ Merton lọ́wọ́, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tí Wimbledon wà lábẹ́ rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ kò ra agbábọ́ọ̀lù kankan, kò san owó oṣù fún akọ́nimọ̀ọ́gbá kankan. Ohun tí ó ṣe ni pé ó di olùtọ́jú ogún. Èyí ni a ń béèrè lọ́wọ́ Alimosho, lọ́wọ́ Agégé, lọ́wọ́ Sùúrùlérè àti lọ́wọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó lápapọ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Abúlé Ẹ̀gbá kò ṣòro láti rí. Ìkànìyàn 2006 ka àwọn ènìyàn Ìjọba Ìbílẹ̀ Alimosho sí 1,277,714, iye tí ó ju ti ìjọba ìbílẹ̀ èyíkéyìí mìíràn ní Èkó lọ nínú ìkànìyàn náà, iye náà sì ti pọ̀ sí i gidigidi láti ìgbà yẹn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn ọmọdékùnrin a gbé òkúta méjì sí ìhín, méjì sí ọ̀hún, ní àwọn òpópónà tí ọkọ̀ kì í pọ̀ sí lẹ́yìn títì márosẹ̀, wọn a sì máa gbá mọ́ńkì pósì, bọ́ọ̀lù kékeré tí kò ní aṣọ́lé, tí àwọn tí a bá gbá gólù sí nínú a bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí séètì mìíràn wọlé. Orúkọ tí ó wà lẹ́yìn aṣọ wọn jẹ́ orúkọ àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní Lọ́ńdọ̀nù àti Madrid. Kò sí ẹni tí ó lè bá wọn wí, nítorí pé orúkọ tí a kò kọ sílẹ̀ kò ṣe é wọ̀ sẹ́yìn aṣọ.

Ẹgbẹ́ tí ó sún mọ́ wọn jù nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá láìpẹ́ yìí ni MFM, tí ìjọ Mountain of Fire and Miracles dá sílẹ̀ ní 2007, tí ó sì gbá bọ́ọ̀lù ní Pápá Ìṣeré Agégé, tí kò jìnnà sí Abúlé Ẹ̀gbá bí ènìyàn bá gba Ìyànà Ìpájà kọjá. Ó dé líìgì tí ó ga jù ní 2015, ó ṣe ipò kejì nínú sáà 2016 sí 2017, ó ṣojú Nàìjíríà nínú ìdíje àwọn akọni ilẹ̀ Áfíríkà ní 2018, ó sì já bọ́ ní 2022. Stephen Odey, agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, kúrò níbẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ Zürich. Sporting Lagos pẹ̀lú, tí a dá sílẹ̀ ní 2022, gòkè sí líìgì tí ó ga jù ní 2023, ó sì tún já bọ́ ní 2024. A kò sọ èyí láti fi kan ẹnikẹ́ni lábùkù, nítorí pé ẹni tí ó bá fi owó ara rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ti ṣe oore. A sọ ọ́ nítorí pé àsìkò tí ẹgbẹ́ ṣì wà láàyè ni ó yẹ kí a béèrè ibi tí ìwé rẹ̀ wà, kì í ṣe ìgbà tí a bá ti ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ pa.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ lẹ́tà yìí sí Àjọ náà ni pé kí ó fi sínú àwọn òfin tí ó fi ń gba ẹgbẹ́ láyè láti lo pápá ìṣeré ìjọba, pé ní òpin sáà kọ̀ọ̀kan, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, àbájáde gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, orúkọ àwọn tí ó gba gólù wọlé àti àwòrán ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìkàwé ìjọba ìbílẹ̀ tí pápá náà wà, níbi tí ẹnikẹ́ni lè lọ kà á láìsan owó. Ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ a máa ta ààyè rẹ̀ nínú líìgì fún ẹlòmíràn, ẹni tí ó rà á a sì gbé e lọ sí ìlú mìíràn pẹ̀lú orúkọ tuntun. Kí òfin náà sọ ní gbangba pé ààyè nìkan ni ó ṣe é tà, pé ife àti ìwé kò sí lára ọjà, àti pé owó oṣù tí ẹgbẹ́ bá jẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù ni a ó kọ́kọ́ san nínú owó tí a bá rí níbẹ̀. Iye tí èyí yóò ná ìjọba kò tó ohun tí a fi ń tún koríko pápá kan ṣe, nítorí pé yàrá kan, àpótí ìwé díẹ̀, kọ̀ǹpútà kan àti òṣìṣẹ́ ìkàwé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Apá tí kò lè dúró de òfin ni ti àwọn tí ó ṣì wà láàyè. Haruna Ilerika ti kú ní 2008, Yekini ní 2012, Peter Rufai ní oṣù keje 2025, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn tí ó bá wọn gbá bọ́ọ̀lù, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá, àwọn awakọ̀ tí ó ń gbé wọn lọ sí Kàdúná àti Énúgu, àwọn obìnrin tí ó ń ta oúnjẹ fún wọn lẹ́yìn ìdánrawò, ṣì wà ní Mushin, ní Sùúrùlérè, ní Agégé àti ní Abúlé Ẹ̀gbá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní àwòrán àti ìwé ìròyìn àtijọ́ nínú àpótí ní ilé. Kí Àjọ náà rán àwọn ọ̀dọ́ tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa lọ bá wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kí sáà tí ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi Stationery Stores àti Julius Berger bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ti Èkó ni wọ́n, kí ó sì kọ̀wé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Leventis United àti Abiola Babes.

Pẹ̀lú ìrètí ìdáhùn,

Láti ọwọ́ olùgbé kan ní Abúlé Ẹ̀gbá.